Ṣé ó yẹ kéèyàn dá gun òkè Èkìtì?

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Láti Ìbàdàn ni mo ti wakọ̀, èmi nìkan. Mo gba Ifẹ̀ àti Ilẹ́ṣà já sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mo ya àwọn òkè tó tò lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀. Mo yà ní oríta Ìtawúrẹ́ lọ wo Òkè-Mẹ̀sí, mo padà gba Arámọkọ dé Adó, mo sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ gun òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Fọ́tò wọn ló wà lókè yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ta ni mo bá lọ, mi ò bá ẹnì kankan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya òkè, kó dá lọ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó dára kì í pẹ́ lára òkúta kó tó lọ, ẹni tí ebi ń pa tàbí tí ẹsẹ̀ ń dùn kò sì ní jẹ́ kí o dúró dè é.

Ìyá Ìbejì Adó: Ọmọ mi, fọ́tò yìí dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé o wà lórí òkè yẹn? January 2024 kò tíì pẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìhà Ìkọ̀lé, tí wọ́n tún jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹmùré. Ọba o! Ká má tíì sọ ti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó gbé kámẹ́rà olówó ńlá kọ́rùn.

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Ẹ ṣé gan-an mà. Àmọ́ àwọn ọba yẹn kò dá nìkan wà, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọ iléèwé. Bí agbébọn bá dé, kí ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ ṣe? Mi kì í rìn lálẹ́, mi ò sì dé ìhà Ìkọ̀lé rárá.

Ọ̀nà Jìn: Ẹ ń sọ̀rọ̀ ajínigbé, tírélà ni èmi ń bẹ̀rù ní tèmi. Mo mọ ọ̀nà Ilẹ́ṣà sí Ẹ̀fọ̀n yẹn dáadáa. Kọ́nà lórí kọ́nà, òkè lápá kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lápá kejì. Ẹni tó dá wakọ̀ tí ojú rẹ̀ tún ń wá ibi tó máa yà ní fọ́tò, ojú mélòó ló ní? Fọ́tò kẹta yẹn, ibo lo páàkì sí?

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Inú ìlú. Mo fẹsẹ̀ rìn padà.

Ọ̀nà Jìn: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn tó páàkì sí ojú kọ́nà gan-an nítorí fọ́tò.

Baba Kékeré: Ọkọ rẹ fọwọ́ sí i?

Tinúkẹ́: Ẹ̀yin bàbá yìí náà. Bí ọkùnrin ló dá lọ, "akọni" lẹ ò bá máa pè é.

Ọmọ Fábùnmi: Èmi ò bínú pé ó jẹ́ obìnrin. Pé ó ti Ìbàdàn wá ni mò ń wò. Ọmọ Ìbàdàn kan ṣoṣo, ní Òkè-Mẹ̀sí? Láti 1877 tí ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, ti bẹ̀rẹ̀ títí dé àdéhùn 1886, odindi ọmọ ogun Ìbàdàn kò lè kọjá láàárín àwọn òkè ìhà ibẹ̀ yẹn. Ìwọ wá fi mọ́tò kékeré kọjá, o tún ya fọ́tò!

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Àwọn ọmọ yín ló júwe ọ̀nà fún mi sà 😂

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Èkìtì kete! Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn mí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé òkúta lásán ni Olósùnta, tí ẹnikẹ́ni lè yọjú láàárọ̀ kó gùn ún, kó sì máa lọ. Tiwa ni. Ọdọọdún la ń ṣe ọdún rẹ̀, Olúkẹ́rẹ́ ló sì ń ṣáájú ètùtù ibẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé òkè yẹn làwọn baba wa sá sí nígbà ogun. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kó kọ́kọ́ wọ ìlú, kó kí àwọn àgbà, kí wọ́n fún un ní ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà. Kì í ṣe torí owó. Àwọn ibi kan wà tí àlejò kì í tẹ̀, èèyàn ò sì lè fojú lásán mọ̀ wọ́n. Ó ní òun dá lọ, ó dá lọ. Ilé ta ni wọ́n ti ń dá wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn?

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Ẹ̀gbọ́n, mo béèrè. Ìyá kan tó ń din àkàrà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ní kí n máa gùn, pé kí n ṣáà ti tètè sọ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ìyá alákàrà ló ń fúnni láyè lórí Olósùnta báyìí?

Tinúkẹ́: Ẹ má dá ọmọ yìí lẹ́bi nìkan. Mo ti gun òkè ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. A sanwó nísàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn dá wa dúró lágbedeméjì, a sanwó, bàbá kan tún jókòó sókè tó ní òun gan-an ni. Ohun tó ń jẹ́ kí àlejò máa yọ́ wọlé nìyẹn. Bí ìlú bá fẹ́ ká kan ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn náà jẹ́ ẹyọ kan.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Èyí tí o sọ yẹn, òótọ́ ni. Mi ò lè jà á.

Baba Kékeré: Mo gbọ́ pé òkè tó ń yọ iná ni Olósùnta láyé àtijọ́.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì: Rárá o. Akọ òkúta tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ àti Adó, abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ló ti dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Iná rẹ̀ kò yọ sókè. Ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni òjò àti oòrùn jẹ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọrí. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele ìpele, ìyẹn ló fi rí roboto. Ti Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹ̀sí yàtọ̀: yanrìn ayé àtijọ́ ni, tí ooru àti ìfúnpọ̀ inú ilẹ̀ sọ di òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartzite, ó sì tẹ́ gùn lọ láti àríwá sí gúúsù. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀, ẹ máa rí i: ti Ìkẹ́rẹ́ dá dúró, orí rẹ̀ pá, ti Ẹ̀fọ̀n tò, igi sì bò ó.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn ìpele tó ń bó yẹn, àwọn mìíràn ti yẹ̀ lára òkúta, a kàn gbé e lé e ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè bá a lọ. Àwọn ìlà dúdú tó sì wà lára òkè, ipa omi òjò ni, àwọn nǹkan tíntìntín ló hù síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ó gbẹ. Bí òjò bá kàn án, ó ń yọ̀ bí ilá. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, sísọ̀ ni.

Láńre Fọ́tò: Ìgbéyàwó ni mò ń yà ní tèmi, mi ò gun òkè rí. Oòrùn tó ti ẹ̀gbẹ́ wá nínú fọ́tò Olósùnta yẹn dára, gbogbo ojú ara òkúta ló yọ. Ṣùgbọ́n òkè náà kéré. Kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sí ewúrẹ́, kò sí òrùlé. Ẹni tí kò bá dé Ìkẹ́rẹ́ rí lè rò pé òkúta ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ni. Ká ní ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn dúró sí ìdajì òkè, pẹ̀lú aṣọ pupa, gbogbo ayé ló máa mọ bó ṣe ga tó. Dídá lọ tí o dá lọ ló ba fọ́tò náà jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Kámẹ́rà mi lè ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó yà. Mo lè sáré lọ dúró.

Láńre Fọ́tò: Sáré dé ibo? Iwájú kámẹ́rà níbẹ̀ ni mẹ́wàá máa pé.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì: Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sáré lórí òkúta.

Láńre Fọ́tò: Ti Ẹ̀fọ̀n ńkọ́? Kí ló dé tí àwọn òkè ẹ̀yìn fi rí bí eérú?

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Ọyẹ́ ni. Mo fẹ́ padà lọ nígbà òjò, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí eruku ti fọ̀ kúrò lójú ọ̀run.

Ìyá Ìbejì Adó: Ẹ gbọ́ ná. Tíṣà ní ìgbà òjò ló ń yọ̀. Ìwọ ní ìgbà òjò ni fọ́tò dára. Nígbà tó léwu jù yẹn gan-an lo wá fẹ́ dá lọ?

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Nígbà òjò, mi ò ní gùn ún mà. Ìsàlẹ̀ ni màá ti yà á, kí òrùlé ìlú lè wọ inú rẹ̀, kí Bọ̀dá Láńre lè rí bó ṣe ga. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tigígùn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Láti ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè. Ti ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni mo ṣì dúró lé lórí: gba ẹni tó mọ ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́ Oníkámẹ́rà: Màá kí àwọn àgbà, màá sì gba ọmọkùnrin náà kó fi ibi tí mi ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ hàn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó jókòó síbì kan tó ti lè máa wò mí lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò lè ṣiṣẹ́ tí ẹnì kan bá ń mí sí mi létí.

Tinúkẹ́: Tó bá jẹ́ ìjókòó ló máa jókòó, iye rẹ̀ á wálẹ̀ nìyẹn?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Iye kan náà ni. Jíjókòó sórí òkúta nínú oòrùn, iṣẹ́ ni.