Ẹ Yéé Bi Mí Léèrè Owó Tẹ́tẹ́

Ó tún ti ṣẹlẹ̀ o! Mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ n'Ìsọ̀kun, n'Iléṣà, bùrọ̀dá àdúgbò ti ń fọwọ́ ra wọn: "Ará Las Vegas! Èló lo jẹ?" Èló ni mo jẹ kẹ̀? Èmi tí mò ń fa wáyà kiri fáwọn olórin tó ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́! Òní Reno, ọ̀la Las Vegas, lẹ́yìn ìyẹn ó di Atlantic City, ìlú tẹ́tẹ́ l'Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Ṣé ajá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ alápatà ló ni màlúù ni?

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi ń rí. Èéfín sìgá! Téèyàn bá ti jáde nínú lífítì òtẹ́ẹ̀lì, àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ló máa gbà kó tó rí ìta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí fèrèsé, kò sí aago lára ògiri, kí olówó má baà mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n á tún gba resort fee, ìyẹn owó ohun ìgbádùn òtẹ́ẹ̀lì, lé owó yàrá. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí mi ò fẹsẹ̀ kàn ni mò ń sanwó ẹ̀? Ike omi kan ṣoṣo nínú fíríìjì wọn ńkọ́? Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra gbogbo omi tó wà l'ọ́jà Atákúmọ́sà!

Láti 1931 ni Nevada, ìpínlẹ̀ tí Reno àti Las Vegas wà, ti fòǹtẹ̀ lu tẹ́tẹ́. Bó bá jẹ́ àlejò ló ń jẹ ẹ́, ta ló ń san owó gbogbo iná tó ń kọ mànà yẹn?

Àǹtí kan tiẹ̀ kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lé mi lọ́wọ́, pé kí n bá òun fi ta tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Àǹtí, ẹ gbowó yín. Ẹ fi ra iṣu, kẹ́ ẹ gúnyán fún mi!