Bàbá sójà àdúgbò wa
Ẹ ṣé gan tí ẹ gbé ìròyìn ikú bàbá sójà wa n'Ọ̀kẹ́sà, n'Iléṣà níbí jáde. Ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 yẹn, wọ́n jà á dópin, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ìtàn ìbọn lẹ́nu wọn láé, rósárì ló ń wà lọ́wọ́ wọn, òjò ò báà máa rọ̀ wọn ò ní pa mísà àárọ̀ jẹ. Alaalẹ́ la máa ń gbọ́ "Mo kí ọ Màríà" lójú fèrèsé wọn, bàbá á dá a, ìyá àtàwọn ọmọ á gbè é. Tó bá di 15 oṣù kìíní tí wọ́n ń ṣèrántí àwọn sójà, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, wọ́n á bẹ mísà fáwọn ẹgbẹ́ wọn tí ò bọ̀ látojú ogun, orúkọ wọn ò sí nínú ìwé o, orí ni bàbá ti ń kà á. Ìyá, ẹ kú àràfẹ́rakù. Ta ni á wá máa pe orúkọ yẹn báyìí?