Ó wà nínú fáìlì, àmọ́ ta ló kà á?

"Nọ́ọ̀sì àárọ̀ ti bi mí. Dókítà ti bi mí. Ẹ̀yin náà tún dé! Ṣé ẹ kì í ka fáìlì ni?"

Màmá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́ níbí, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní wọ́ọ̀dù, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Mi ò bínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú fáìlì, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àwa nọ́ọ̀sì gan-an, púpọ̀ nínú wa gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni.

Aláìsàn tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní wọ́ọ̀dù, fáìlì rẹ̀ á ti wú: ìwé dókítà, ìwé nọ́ọ̀sì, èsì láàbù, ṣáàtì oògùn, rìsíìtì tí ẹnì kan kì bọ ibi tí kò yẹ. Ìkọ̀wé dókítà ńkọ́? Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tó wọṣẹ́ lálẹ́ lè bá ogún aláìsàn nílẹ̀. Ìgbà wo ló fẹ́ ka ogún fáìlì tán kó tó gún ẹni àkọ́kọ́ lábẹ́rẹ́?

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, a kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní fáìlì bàbá kan pé ara wọn kò gba penisilíìn. Bíírò pupa la fi kọ ọ́, a tún fàlà sí i nídìí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìwé tuntun ti bo ìwé àtijọ́ mọ́lẹ̀. Dókítà mìíràn kọ Ampicillin, tó jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti penisilíìn. Mo ti fa oògùn sínú síríńjì, mo ti gbé ọwọ́ bàbá lé orí itan mi. Ọmọbìnrin wọn ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, kì í ṣe penisilíìn ṣá? Èyí tí wọ́n gba lọ́jọ́sí, ètè wọn wú bí àkàrà."

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú fáìlì o! Ẹni tó ń bó ọsàn ló kó wa yọ.

Ní 2014, ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ kan jáde nípa ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn 9 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n kọ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ìlànà tí wọ́n fi ń fa aláìsàn lé ara wọn lọ́wọ́, I-PASS lorúkọ rẹ̀. Àṣìṣe fi 23 nínú 100 dín kù. Ìpalára tó ṣeé yẹra fún fi 30 nínú 100 dín. Bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà yìí kì í ṣe aláìmọ̀-ọ́n-kọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà ìkẹyìn nínú I-PASS ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó ń gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tún ohun tó gbọ́ sọ. Tí kò bá rí i sọ, kò tíì gbà á nìyẹn.

Ìlànà mìíràn tún wà, SBAR lorúkọ rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ti ń lò kí Kaiser Permanente, ilé iṣẹ́ ìlera ńlá kan lọ́hùn-ún, tó mú un wọ ilé ìwòsàn. Nǹkan mẹ́rin ni: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni mo rò pé ó jẹ́, kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ìkẹrin yìí ló ń há wa lọ́fun. Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n máa bọ̀ kíá? A ó wá máa fi ọ̀wọ̀ yí ọ̀rọ̀ po: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, màmá bẹ́ẹ̀dì keje ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn." Ta ni ìyẹn máa jí lójú oorun? Àmọ́ tí mo bá ní, "BP màmá bẹ́ẹ̀dì keje ti já sí 80/50, àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀ báyìí sà," ọ̀gá á ti máa wá bàtà.

Lẹ́tà tí a fi ń gbé aláìsàn láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní aláboyún tí gìrì mú ni, tí a ti fún ní magnesium sulphate. "Ó ti gba abẹ́rẹ́" kò tó. Gíráàmù mélòó? Aago mélòó? Ṣé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àbí ìdí? Bí wọ́n bá tún un fún un lọ́hùn-ún láìmọ̀, èémí rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Ẹ pè wọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ka iye náà padà fún yín.

Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wá yíjú padà nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn. "Ó dáa, ẹ gbọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ni, ọdún kẹsàn-án rèé. Mò ń lo oògùn yín. Mo sì ń mu àgbo mi díẹ̀díẹ̀ sí i." Wọ́n na ọwọ́ sí fúláàsì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti àná ni ṣúgà wọn ti ń já wálẹ̀ tí a ò mọ ìdí. Mo ṣí fáìlì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí àgbo níbẹ̀.