Búlọ́ọ̀kù àti ọ̀dà nìkan kò sọ ilé di ilé fún akanda ẹ̀dá

Bí wọ́n bá ní kí ará àdúgbò dáwó láti kọ́lé fún àwọn akanda ẹ̀dá tó ti dàgbà, owó máa ń yọ. Ẹnìkan á gbé sìmẹ́ńtì kalẹ̀, ẹlòmíì á kun ilé, gbogbo wọn á ya fọ́tò lọ́jọ́ ìṣílé. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí olùtọ́jú yóò fi ku méjì nínú ilé tó yẹ kí márùn-ún wà, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní yọjú mọ́. Lójú tiwa, ìrànlọ́wọ́ àdúgbò ti dorí kodò. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la fẹ́ràn, a sì ń sá fún èyí tí à ń san lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ èyí gan-an ló ń mú ilé náà dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí àwọn tó ń gbé inú ilé kò bá ṣeé fi sílẹ̀ láwọn nìkan, olùtọ́jú kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo wákàtí yẹn. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rin á ṣe 160, wákàtí 8 á ṣẹ́kù, a ò sì tíì ka àìsàn àti ìsinmi ọdọọdún. Márùn-ún ni, kí ipò ẹnìkan ṣoṣo má bàa ṣófo. Láàárọ̀, tí gbogbo ilé fẹ́ wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan ò tiẹ̀ tó. Bí ẹ bá gbọ́ pé olùtọ́jú sùn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye òru tó ti ṣe léra.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú. Ní Amẹ́ríkà, ní 1983, nǹkan bí ọdún 25 ni ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú Down syndrome (ipò abínibí tó máa ń mú kí èèyàn lọ́ra láti kẹ́kọ̀ọ́) máa ń lò láyé; lónìí, ó ti tó nǹkan bí 60. Ayọ̀ ńlá ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sin òbí wọn. Ìyá á kú lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá máa fi mọ́, wọ́n á ti máa wá ibùsùn kiri fún ọmọ ẹni ọdún 50, ibikíbi tí ibùsùn bá sì ti ṣófo ni wọ́n á gbé e lọ, láàárín àjèjì, pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni. Ìgbà tí òbí ṣì wà láàyè ló yẹ kí ìṣípòpadà bẹ̀rẹ̀: ọ̀sán kan, lẹ́yìn náà òru kan, lẹ́yìn náà òpin ọ̀sẹ̀, títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó sì lè gba ọdún kan.

Láàárín àkókò yìí ni òbí máa ń kọ ìwé tí kò sí dókítà tó lè kọ ọ́. “Bó bá ń fọwọ́ gbá etí òsì, etí ló ń dùn ún, kì í ṣe ìbínú. Ẹ má pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó sùn.” Fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ìwé yìí ni ohùn rẹ̀. Olùtọ́jú tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń ya ìpátá, wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò mú un dákẹ́, etí á sì máa kẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ olùtọ́jú lemọ́lemọ́ fi burú ju ògiri tó sán lọ.

Ilé náà gan-an, kó kéré: èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, yàrá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ogún èèyàn bá wà, ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́ ló máa ń di òfin, àgbàlagbà á sì lọ sùn ní aago méje torí pé aago mẹ́jọ ni olùtọ́jú ń pààrọ̀. Kó wà níbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi ọkọ̀. Ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ nílò nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 150 láti yí po nínú balùwẹ̀. Bí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 3.6, èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ á máa dá àga padà sẹ́yìn. Irin ìdìmú tí wọ́n kàn mọ́ táìlì lásán á já lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbé gbogbo ara lé e. Kí wọ́n sì wo omi gbígbóná: tó bá gbóná tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló ti bó èèyàn lára.

Orúkọ ẹni tó ń gbébẹ̀ ni kí wọ́n kọ sínú ìwé ìyálégbé. Bí àjọ kan náà bá ni ilé tó tún ni ìtọ́jú, ẹni tó bá ráhùn nípa ìtọ́jú lè rò pé wọ́n á lé òun jáde. Abala 19 nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá sọ ọ́ kedere pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tí wọ́n á gbé àti ẹni tí wọ́n á bá gbé.

Àwọn aládùúgbò tó ń bẹ̀rù, ẹ má bú wọn. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ sọ iye ẹni tó ń bọ̀, ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà tí ẹnìkan á gbé lóru. Ní ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí ìdílé lásán ti ń gba àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ sílé. Kì í ṣe àánú nìkan ló gbé e dúró. Ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn wọn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń yọjú sí ìdílé kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe fọwọ́ sí ilé kankan láìjẹ́ pé owó oṣù olùtọ́jú fún ọdún márùn-ún ti wà nínú ìwé. Kí ẹni tó fẹ́ dáwó dá a lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tí kò sì lówó, kó mú ẹnìkan nínú àwọn tó ń gbé ilé náà dání lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ, ẹnì kan náà, ọjọ́ kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá ní lè wá, kó pe ilé náà ṣáájú, torí ẹnìkan á ti wọ bàtà, á sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀.