Ẹńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ ìgbòkun láti Norfolk dé Miami, kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Kubwa, níbí ní Àbújá, sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí òun wá bá a tu ọkọ̀ ìgbòkun lọ sí gúúsù, lójú omi tí wọ́n ń pè ní Intracoastal Waterway. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò ní ra epo rárá, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé wa débẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á, pàápàá àwa tí a fi Òkè Ọya ṣe ilé, tí a kì í rí òkun lójoojúmọ́. Èrò náà kò tọ̀nà.

Omi náà kì í ṣe agbami. Odò, ọ̀sà àti ipa omi tí a gbẹ́ ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra lẹ́yìn etíkun, láti Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia títí dé Miami, nǹkan bí 1,090 máìlì. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an kí ó sì máa tẹ̀ síwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti iwájú wá, atukọ̀ ní láti máa yà sọ́tùn-ún, kí ó tún yà sósì, kí ó tó lè sún síwájú díẹ̀. Níbo ni yóò ti rí àyè bẹ́ẹ̀ nínú Dismal Swamp Canal, ọ̀kan nínú àwọn ipa omi tí a gbẹ́ yìí, tí ọkọ̀ ti ń gbà láti 1805, tí ó há, tí ó tọ́ gbọnrangandan, tí igi sì dí afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì?

Àwọn afárá tún wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣí ní àkókò tí a ti dá fún wọn, ọkọ̀ tó bá sì tètè dé gbọ́dọ̀ dúró sójú kan nígbà tí omi ń tì í síwájú, èyí tí ìgbòkun kò lè ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í ṣí ga tó 65 ẹsẹ̀ bàtà lórí omi. Lára òpó ọ̀pọ̀ nínú àwọn afárá náà ni pátákó kan wà tí a kọ nọ́ńbà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà tí omi bá dé lára rẹ̀ ni àlàfo tó kù lábẹ́ afárá ní wákàtí yẹn. Ojú atukọ̀ kì í kúrò lára pátákó yìí, nítorí ní Georgia omi lè ga sí i ní 7 sí 9 ẹsẹ̀ bàtà láàárín wákàtí mẹ́fà, kí ó sì tún fà padà.

Mi ò sọ pé ìgbòkun kò wúlò. Ní Albemarle Sound àti lórí odò Neuse, níbi tí omi ti fẹ̀ dáadáa, àwọn atukọ̀ ń ta ìgbòkun sí afẹ́fẹ́, ó sì ń dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń rin máìlì 6 ní wákàtí kan, fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 23 ni yóò gbà, ẹńjìnnì ni yóò sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó epo dísù wà nínú ìrìn àjò náà.

Mo ní kí àbúrò mi béèrè bí òpó ìgbòkun ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó. Bí ó bá ju 56 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kò lè gba abẹ́ afárá Julia Tuttle ní Miami. Fort Lauderdale ni wọn yóò ti jáde sí agbami, níbi tí wọ́n ti lè ta ìgbòkun.