Ẹ wo títì kí ẹ tó ri òpó fẹ́ǹsì

Ẹ̀yin ará wa tó ń ra ilé ní London àti káàkiri England, ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yìí ń dùn mí. Owó gidi lẹ fi ń ra pákó tí káńsù yóò ní kí ẹ gé. Nílé, ẹlòmíràn á ti mọ ìgànná yí ilẹ̀ rẹ̀ ká kó tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Níbí, òfin ọdún 2015 lórí iṣẹ́ téèyàn lè ṣe láìgba àṣẹ fi ìwọ̀n méjì lélẹ̀: mítà 1 bí fẹ́ǹsì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ọkọ̀ ń gbà, mítà 2 níbi yòókù. Bí yóò bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ̀wé gbàṣẹ, kí ẹ sì fi bí ọ̀sẹ̀ 8 sílẹ̀ fún ìdáhùn.

Ọ̀pọ̀ gbà pé iwájú ilé ló ni mítà 1, ẹ̀yìnkùlé ló ni mítà 2. Rárá o. Títì ni òfin ń wò. Ilé kọ́nà ló máa ń kó sí wàhálà jù, torí títì gba iwájú rẹ̀, òmíràn tún gba ẹ̀gbẹ́. Fẹ́ǹsì ẹ̀gbẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló bò, mítà 1 ni. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn wà lára títì, ẹ má wí pé ó la fẹ́ǹsì yín àti títì láàárín. Sísún fẹ́ǹsì wọlé díẹ̀ náà kì í sábà gbani. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn: awakọ̀ tó ń yí kọ́nà gbọ́dọ̀ rí ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀.

Ó wá ku ẹ̀yìnkùlé. Panel, ìyẹn pákó fẹ́ǹsì tí wọ́n ti kàn pọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn mítà 1.83. Gravel board oníkọ̀ǹkéré tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí pákó má baà jẹrà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. Àpapọ̀ rẹ̀ 1.98. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré ló kù! Ẹ wá fi trellis, pákó oníhò-oníhò tí òdòdó ń fà mọ́, ẹsẹ̀ bàtà 1 lé e, ó di 2.28, wọ́n á ka trellis mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí òdòdó fà lókè, kó ra panel ẹsẹ̀ bàtà 5, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 1.97. Òpó ẹsẹ̀ bàtà 9 ni kí ẹ rà, kí 2 àbọ̀ wọlẹ̀ nínú kọ̀ǹkéré. Bí kò bá jìn tó, atẹ́gùn òtútù á wó o.

Bíríkì lórí ààlà gan-an yàtọ̀ sí pákó: òfin ògiri àjọni ti 1996 ní kí ẹ fún aládùúgbò ní ìwé oṣù 1 ṣáájú. Kò sí òfin kankan tó ní fẹ́ǹsì ọwọ́ òsì ni tiyín. Ìwé ilé ni kí ẹ kà. Ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ láti ṣe fẹ́ǹsì láìgba àṣẹ kúrò ní ẹ́síteètì tuntun yín.

Bí fẹ́ǹsì yín bá ga jù, ẹ má sì gbọ́kàn lé pé ó ti pẹ́. Láti 25 oṣù Kẹrin 2024, ọdún 10 ni káńsù ní láti mú yín sí i, kì í ṣe 4 mọ́.

Onílé kọ́nà tí kò fẹ́ ojú ayé lè gbin igi ọgbà. Òfin fẹ́ǹsì ò fi gíga dè é, ṣùgbọ́n bí igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ bá ju mítà 2 lọ, tó sì dí ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò, òfin 2003 fún un láyè láti fẹjọ́ sùn.