Oni wo lẹ ń jẹ́ gan-an?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń jẹ́ Oni, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ìbáà jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, èrò ọkàn mi rè é: ẹ yé wá ìtumọ̀ orúkọ ilé yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà mẹ́ta tí kò ní àmì ohùn, orúkọ bíi mélòó ló lè wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n á kàn mú fún yín.

Òní, dò-mí, amútọ̀runwá ni. Ọmọ tó ń ké tọ̀sán-tòru, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú ba oorun, ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bí lé e á jẹ́ Ọ̀la, èyí tó tún tẹ̀lé e á jẹ́ Ọ̀túnla. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹ̀rí. Ẹ bi àgbà ilé léèrè pé kí lorúkọ ẹni tí wọ́n bí lé bàbá ńlá yín. Bó bá ní Ọ̀la ni, ó parí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pe Ọ̀la, dò-re, kí ẹ wá kọ ọ́ ní ọlá, re-mí, tàbí ọlà, re-dò.

Ọ̀nì, dò-dò, ẹran omi ni. Torí pé ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ. Bí oríkì ilé yín kò bá dárúkọ ọ̀nì, tí èèwọ̀ yín kò sì kàn án, ẹ fi ọ̀nì sílẹ̀ sínú omi. Ọọ̀ni ní tiẹ̀, oyè Ifẹ̀ ni. (Gbogbo Oni kọ́ ni ọmọ ọba o!)

Ní Jàpáànù, oni ni iwin oníwo tó ń gbé kùmọ̀. Lọ́jọ́ Setsubun, tó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù Kejì, wọ́n á máa ju ẹ̀wà sóyà yíyan, wọ́n á máa pariwo pé "Oni wa soto!", ìyẹn ni pé kí oni bọ́ síta. Ní èdè Póláǹdì, "àwọn" ni oni. Ìlú kan tún ń jẹ́ Oni ní orílẹ̀-èdè Georgia. Wọ́n kàn jọra lójú ìwé ni, wọn ò bára tan.

Ní ti kíkọ, Òní kì í yọni lẹ́nu. Ọ̀nì ni ìjàngbọ̀n: ọ ní kóòdù tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀ kò ní, ńṣe ni wọ́n ń lẹ àmì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí fọ́ọ̀mù mìíràn sì máa ń kọ̀ ọ́. Bó ṣe wà nínú NIN ni kí ẹ fi í sílẹ̀ ní báńkì àti nínú páṣípọ́ọ̀tù, kí orúkọ má baà takora. Ṣùgbọ́n ní ti káàdì ìsọmọlórúkọ àti òkúta sàréè, ẹ fi àmì sí i. Kí ẹni tó ń fín in tó gbé irin, ẹ pe orúkọ náà sí i létí.